Ogójì Ọjọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìròyìn bá ti parí,
èmi ni Màmá Sùúrù tí ẹ ń gbọ́ nínú rédíò,
tí ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́:
"Baba Kánjú, ìrẹsì ò tíì pé ogún ọjọ́ nílẹ̀,
o ti gbé táǹkì oògùn pọ̀n bí ọmọ tuntun!
Ṣé ewé la fẹ́ sè lọ́dún, àbí ọkà?
Ewé tí kòkòrò jẹ lónìí, òmíràn á yọ.
Fi í sílẹ̀ di ogójì ọjọ́."

Gbogbo Èjìbà rẹ́rìn-ín.
Àwọn ọmọ iléèwé ò kí mi ní "Ọkùn o" mọ́,
"Ogójì ọjọ́ o!" ni wọ́n ń kí mi.

Wọn ò mọ̀ pé nínú ilé mi
ni mo ti kọ́ bí Baba Kánjú ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìbítóyè ọkọ mi a jí kí àkùkọ tó kọ,
a po oògùn, a fi igi rò ó,
a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àbàtà ìsàlẹ̀ ìsédò,
a fọ́n ọn títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.
Òórùn oògùn náà ń bá a wọ orí ẹní.
Ògiri ni mo ń kọjú sí sùn.

Mo bi í léèrè: kí lo rí nínú oko?
Ó ní, "Ọlọ́runnípa ti fọ́n tiẹ̀ láàárọ̀.
Ṣé kí n káwọ́ gbera kí wọ́n pè mí lọ́lẹ?"

Áà.
Kì í ṣe kòkòrò lọkọ mi ń fọ́n oògùn sí.
Ẹnu aládùúgbò ni.

Mo sọ ọ́ fún Olúmorótì tó ń kọ eré wa.
Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé,
èmi náà sì kà á sétí ayé.
Ìbítóyè gbọ́ ọ. Ó pa rédíò.
Ọjọ́ mẹ́ta, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin ó ta okùn gba àárín oko:
"Apá ibí, tìrẹ. Kí kòkòrò rẹ jẹ ẹ́ yó."

Wọ́n jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ewé lu bí asẹ́.
Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fi han gbogbo ẹni tó ń kọjá.
Ìgbà tó yá ni lámilámi dé,
aláǹtakùn ta òwú láàárín pòròpórò,
ìrì sọ̀ sórí rẹ̀ láàárọ̀,
kọ̀ǹkọ̀ tí mo ti gbàgbé ohùn rẹ̀
ń ké ní apá tèmi nìkan.

A kórè. Àpò mọ́kànlá ní tèmi,
mọ́kànlá àbọ̀ ní tiẹ̀.
"Ṣé o rí àbọ̀ yẹn?" ló wí.
Mo ní, "Ìgò oògùn mẹ́ta ńkọ́, èló la rà á?"
Ó ń wá fìlà rẹ̀ kiri. Orí rẹ̀ ni fìlà wà.

Lọ́dún yìí kò ta okùn.
Kò sì sọ pé mo jàre; n kò retí rẹ̀.
Táǹkì rọ̀ lára igi máńgòrò.
Ní kùtù a ń gbọ́ ti Ọlọ́runnípa
lódìkejì: ṣìì, ṣìì, ṣìì.
Ọwọ́ Ìbítóyè ń yún un, mo mọ̀.
Ó jókòó sórí àpótí, ó ń rún orín lẹ́nu,
kò wojú mi:

"Ó ku ọjọ́ mélòó?"