Ìwé Àgọ́ Àlékùwodò

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé àgọ́ wa l'Óṣogbo,
wọ́n ní ó mọ ibi tí olè yóò jà lọ́la.
Ó ya ìlú sójú gíláàsì:
Àlékùwodò pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn,
Ògo-Olúwa funfun báláú.

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló kọ ohun tó kà?
Èmi Jímọ̀ Akéwúṣọlá, akọ̀wé àgọ́,
ọdún mọ́kàndínlógún nídìí káńtà,
báírò kan, ìwé ńlá kan tí ikán jẹ létí.

Ọ̀sán tí epo mọ́tò wa bá kù díẹ̀
a kì í lọ jìnnà; Àlékùwodò ló wà nítòsí.
A kó ọmọ mẹ́jọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà.
Ẹ̀sùn wo? Ọ̀gá ní, "Kọ ọ́: ìrìnkurìn."
Mo kọ ọ́.
Àwọn tó rówó san lọ sílé; orúkọ wọn ò lọ.

L'Ógo-Olúwa, ajá ló ń dáni lóhùn ní géètì.
A kì í kànkùn níbẹ̀. Ìwé mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Àná ni ẹ̀rọ pe Múkáílà,
ọmọ Ràṣákì tí mo kọ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò tíì jí abẹ́rẹ́.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọlọ́pàá méjì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ náà,
mo ní irọ́ wà nínú ìwé mi.
Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ kì í purọ́."
Kì í purọ́ lóòótọ́. Èmi ni mo pa á.
Mo wo ọwọ́ mi:
tàdáwà ṣì wà lábẹ́ èékánná.