Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Èdìdì

Ẹyọ kan péré ni, kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.
Idẹ ni, wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú,
wọ́n wá lẹ èdìdì mọ́ ọn lẹ́yìn,
èdìdì tí ń pààrọ̀ àwọ̀ bí ọrùn àdàbà nínú oòrùn.
Abẹ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ bítíkọ́ìnì sùn sí,
lẹ́tà wínníwínní lórí ìwé tí kò tó èékánná,
tí ojú kan ò tún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dí i pa.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, àgbà ní ó ju èje lọ.
Èyí ju ilé tí Vlasta ń gbé lọ.

Inú ìbọ̀sẹ̀ ni Matevž tọ́jú rẹ̀ sí,
onírun àgùntàn, ti ẹsẹ̀ òsì, tó já ní gìgísẹ̀.
Vlasta ń di ẹrù àbúrò rẹ̀ tó kú,
ó gbọn ìbọ̀sẹ̀, nǹkan ró wọnran lórí pákó.
Ó pè é ní bọ́tìnì.
Ìwé kékeré kan tẹ̀lé e já bọ́:
"Má ṣí i. Tí ebi bá dé, tà á. Má kánjú."

Ebi kọ́ ló dé. Òrùlé ló ń jò,
yìnyín Maribor kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, kó mọ́ kedere.
Ó yà á, ó fi àtàǹpàkò bo nọ́ńbà.
Ẹni náà ò kọ̀wé mọ́.
Ẹnìkejì ní kí àwọn pàdé lábẹ́ afárá, aago mẹ́wàá alẹ́,
owó wà nínú báàgì, kó má mú ẹnikẹ́ni dání.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Vlasta fi ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè;
ó mọ èrò tí kò níbi tó ń lọ.
Ẹnìkẹta fi rìsíìtì ránṣẹ́: "Mo ti sanwó."
Ó tẹ báńkì láago. Ìwé ń bẹ, owó ò sí.
Ó gbé omi tíì léná, ó dúró.
Kò sọ fún aládùúgbò. Kò sọ fún ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti Graz,
láti ọwọ́ Hirnschall, tó ń tún aago ṣe kó tó fẹ̀yìn tì.
Gbólóhùn àkọ́kọ́: "Báńkì wo lẹ fẹ́ ká ti pàdé?"
Vlasta kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Yàrá tí kò ní fèrèsé. Jerneja, akọ̀wé báńkì, jókòó ṣe ẹlẹ́rìí.
Bàbá náà gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ jáde, ó gbé awò mọ́ ojú kan,
ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun.
Ó wọ̀n ọ́n. Ó yí i. Ó wo etí èdìdì yíká, yíká.
"Bí wọ́n bá ti ṣí i rí," ó ní, "ojú afárá oyin á yọ lára rẹ̀,
kò sì sí ohun tí í pa á rẹ́."
Afárá kankan ò yọ.

"Ṣé ẹ ó ṣí i?" Vlasta bi í.
"Èmi?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú.
"Tí mo bá ṣí i, owó ni màá rí.
Owó wà níbi gbogbo."

Wọ́n wá ń dúró de owó.
Ogójì ìṣẹ́jú, kọfí mẹ́ta tó ti tutù,
ẹyọ náà láàárín wọn lórí aṣọ dúdú.
Bàbá sọ̀rọ̀ aago ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́;
Vlasta sọ̀rọ̀ Matevž, bó ṣe máa ń rìn lójú oorun.
Jerneja mi orí: ó ti wọlé.
Ìgbà yẹn ni Vlasta tó fi ìka kan ti ẹyọ náà sọ́dọ̀ bàbá,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn yàrá aláìsàn.
Wọ́n buwọ́ lùwé.
Owó orí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ oṣù kẹta nìyẹn.

Níta, yìnyín ń já sí odò Drava láìdún.
Vlasta ò tíì yà sọ́dọ̀ káfíńtà.
Ó yà ní ìsọ̀ kan, ó ra òwú aláwọ̀ eérú
àti abẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀.
Ìbọ̀sẹ̀ òsì ṣì wà nínú àpò kóòtù rẹ̀.
Ọ̀tún, Ọlọ́run ló mọ ibi tó wà.