Ohùn Kan Ṣoṣo Tí Mo Dì Mú

Fèrè méjì ló ń jẹ́ dúdúkù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.
Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń gbọ́.
Arshavir ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń gbọ́:
mo fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ etí odò,
mo di ohùn kan ṣoṣo mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin,
bí ẹni di okùn mú fún ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga.
Èémí ń gba imú wọlé, ó ń gba ẹnu jáde, kò gbọdọ̀ já.
Bí ó bá já, orin á jábọ́.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ẹni tó di okùn.

Lónìí wọ́n to àga síwájú ilé Nvard, ní Gyumri,
ilé olókùúta dúdú, tí yìnyín jókòó lé lórí.
Olórí ìlú dé, ó wọ ìbọ̀wọ́ awọ,
ó ka àwọn òkú wa láti inú ìwé,
àwọn tó ya àwòrán, àwọn tó fọn fèrè.
Ó pe Arshavir ní ìṣúra orílẹ̀-èdè.
Ìṣúra! Ọkùnrin tó jẹ mí ní gbèsè bàtà títí tó fi kú,
tó ta kápẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀ ra ọtí,
tó sì sunkún ju ìyàwó lọ.
Ó pe Nvard ní ìyá àwọ̀.
Nvard ì bá ti rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ á fi gbé e.

Ìyá àwọ̀ wo? Àwọ̀ mẹ́ta péré ló ní
ní ọdún òtútù tí iná mànàmáná lọ tí kò padà.
Ó lọ bíríkì pupa, ó fi òróró pò ó.
Ó gé ìrù ẹṣin oníwàrà lóru, ó fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì;
oníwàrà bú u fún oṣù méjì.
Kò sí aṣọ tí yóò ya àwòrán sí,
ó wá ń ya á sára ilẹ̀kùn,
ilẹ̀kùn àwọn ilé tí ilẹ̀ mì wó,
ilẹ̀kùn tí kò nílé mọ́.
Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ẹni tó máa ń ṣí i.
Ọwọ́ nìkan.
Mo bi í pé ojú wọn ńkọ́.
Ó ní: «Ojú mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n. Ọwọ́ ò ráyè.»

Ìkẹta láti apá òsì, tiwa ni.
Ọwọ́ ìyá mi, ìyẹ̀fun há sí èékánná.
N kò sún mọ́ ọn. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí i tó.

Wọ́n ní kí n fọn nǹkan fún àwọn olóògbé.
Kí ni kí n fọn? N kò mọ orin kankan.
Eérú rọ́pò iná, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbọ́,
ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í hù ní Gyumri.
Igi ápíríkọ́tì la ní, ó sì gbọ́dọ̀ kú kó tó lóhùn.

Mo gbé fèrè sẹ́nu. Mo di ohùn mi mú.
Wọ́n dúró de ìbẹ̀rẹ̀ orin.
Olórí ìlú wo aago.
Ọmọ kan bi bàbá rẹ̀, kò tiẹ̀ rọra bi í:
«Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?»
Shoghik nìkan, opó Arshavir, ló di ojú,
tí ìka rẹ̀ sì ń ṣí, tó ń dé,
lórí orúnkún,
ihò fèrè tí kò sí níbẹ̀.
Níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń ṣàṣìṣe, òun náà ṣe é.

Mo fọn títí ètè mi fi kú.
Yìnyín ń yọ́ láti orí òrùlé, ó ń kán sórí àga òfìfo.
Mo nu fèrè, mo tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń gbé.

Bàtà yẹn, Arshavir.
N kò tíì gbàgbé.