Owó Ibodè

Ilé tí mo háyà ló kẹ́yìn ní òpópó wa,
lójú ọ̀nà Ìlọrin. Lẹ́yìn rẹ̀, oko kajú ló kù.
Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé etí fi tètè yé mi.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà láàárín fàdákà
ní aládùúgbò lọ́tùn-ún, lósì, lókè, nísàlẹ̀.
Gbogbo wọn ló ń fà á, kò sì ya síbì kan.
Ṣùgbọ́n èyí tó dé ojú,
tó wo iwájú tí kò rí ẹnì kankan,
òfìfo, òfìfo lásán,
ìṣe tirẹ̀ yàtọ̀.
Á yọ orí síta díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má jàáde,
á fà sẹ́yìn,
á tún yọ ọ́.
Bó ṣe ń yọ orí tó ni mo ti ń ṣírò láti ọdún mẹ́ta.

Oníbodè wà lẹ́nu odi náà.
Kò gba owó ẹyọ, kò gba náírà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà.
Kí ìmọ́lẹ̀ pupa kún ilẹ̀ títí, kò lè san án;
ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú èyí tí ojú wa ò lè rí,
ó ti tó. Ilẹ̀kùn á ṣí.

Ẹ wá gé irin ọ̀hún wẹ́wẹ́,
kó kéré ju eruku ọyẹ́ lọ,
títí gbogbo rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojú, tí inú ò ní sí mọ́.
Góòlù tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ ò ní dán bí òrùka ìyàwó mọ́.
Pupa fòò ni, bí omi ìṣápá.

Mo sọ èyí fún Alàgbà Àtàndá tó ń rọ ìkòkò ní Masífà.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi èékánná ha ìdí ìkòkò kan:
“Inú irin ò yọ mí lẹ́nu rí, Oyèfúnkẹ́.
Ojú ni. Ojú ló ń jìyà.”

Lóru àná, ìṣírò dé ìgbà kọkànlélógójì,
iná lọ.
Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mò ń wá,
àwọn gan-an ló kọ̀ tí wọn ò wá sílé mi.
Níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tó ń rá bàbà lójú fàdákà,
wọ́n kàn máa wò ó ni.
Èmi, pẹ́ńsùlù.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo padà sídìí ìwé.
Ní ojú ìwé kẹtàdínlógún
ni àmì ìyọkúrò kan ti sọnù láti oṣù Ọ̀pẹ.
Mo fi í síbẹ̀. Nọ́ńbà náà rọra wálẹ̀,
ó jókòó síbi tó yẹ kó jókòó.

Mi ò pariwo. Ta ni mo fẹ́ pariwo fún láago mẹ́ta òru?
Mo ṣílẹ̀kùn, mo yọ orí síta díẹ̀.
Òkùnkùn oko. Òórùn kajú tó ti rọ̀ jù.
Mo fà sẹ́yìn.
Mo tún yọ ọ́.