Ilé Hámọ́ńdì ní Ìtokò

Àárọ̀ Sátidé la gun òkè Ìtokò,
èmi àti Àǹtí Ìbídùn,
orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì.
Mo fẹ́ san ti àwa méjèèjì, ó kọ̀,
ó tú etí ìró, ó ka tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Jẹ́ n sanwó. Iwájú ni n ó gbà wọlé lónìí."
N kò bi í léèrè ìdí.

Ṣóyọmbọ̀ ló mú wa yíká, ọmọ onílé,
kọ́kọ́rọ́ jìngbìnnì lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nínú oòrùn.
"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o."
Ó fi tábìlì ogún èèyàn hàn wá,
àwo tó bá ọkọ̀ òkun dé,
dùùrù tí ikán ti jẹ ohùn rẹ̀ kù kíún,
àti àwọn Hámọ́ńdì lára ògiri,
kọ́là wọn ga dé àgbọ̀n,
wọ́n ń làágùn nínú kóòtù láti ayé ọba tí n kò bá.
Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè mo rí Olúmọ, mo rí páànù tó dípẹtà
lọ títí dé ibi tí odò Ògùn ti ń kọ mànà.

"Ọgbà òdòdó rèé," ni Ṣóyọmbọ̀ wí.
"Babańlá wa ló ra róòsì wá láti Ìlú Ọba,
ó fẹ́ kí ojúde rí bí ti àwọn ìjòyè tó rí lọ́hùn-ún.
Lọ́dọọdún ló ń kú, lọ́dọọdún ló ń rà á."
Koríko ló kù níbẹ̀, àti igi àgbálùmọ̀ kan
tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó.

Kọ́ridọ̀ ni Àǹtí mi ti dúró.
Kọ́bọ́ọ̀dù kan fara ti ògiri.
"Àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn èyí."
"Rárá o, Màmá. Ilé bàbá mi ni."
"Mẹ́tàdínlógún ni. Ìkẹsàn-án máa ń ké,
a máa ń fò ó bí ọ̀gá bá ń sùn lọ́sàn-án."
A ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn kékeré yọjú
bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni òun, ó ní,
omi ìwẹ̀, omi ìwẹ̀, láti kànga dé yàrá òkè,
áyọ́ọ̀nù eléèédú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù ú lọ.
N kò gbọ́ ọ rí,
èmi tí mo gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ṣóyọmbọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì, ó wá ògiri táràrà.
"Má fọwọ́ kan nǹkan kan," ni Àǹtí mi wí,
ó ṣíwájú wa wọ inú òkùnkùn,
ó ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta...
Nígbà tó dé ẹ̀sán, ó gbé ìró sókè díẹ̀,
ó fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Ó ké.

Nísàlẹ̀, ó ṣa àgbálùmọ̀ kan nínú koríko.
"Àárín róòsì wọn ni mo máa ń tu kóró sí,
kí wọ́n má baà ká a mọ́ mi lọ́wọ́."
Ó mu ún, ó fún ojú pọ̀.
"Ó ṣì kan," ló wí,
ó sì tu kóró náà sọ́wọ́ Ṣóyọmbọ̀,
ẹni tó ti na ọwọ́ kí ó tó mọ̀.