Kọ́kọ́rọ́ Tí N Kò Mọ̀

Mo ní kí Mòrádékẹ́ sọ nọ́ńbà kan fún mi,
èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́kàn.
Ó sọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀.
Mo ní kó sọ òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín,
ó sọ nọ́ńbà ilé wa àtijọ́ ní Arákalẹ̀.
Ọkàn ẹ̀dá, ewúrẹ́ orí èèkàn ni:
ibi tí okùn bá dé ló ń jẹ dé,
olè tó ń ṣọ́ wa sì ti wọn okùn náà.

Kọ̀ǹpútà kò kúkú sàn jù ú lọ.
Ohun tí a bá fi kọ́ ọ ló ń wí.

Ni mo bá gbé fóònù sórí tábìlì lóru,
ní Ìjọ̀ka, l'Ákùúrẹ́,
mo bi í pé: kí lò ń gbọ́?
Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.
Síbẹ̀ ó ń gbọ̀n.
Ìdí nọ́ńbà rẹ̀, níbi tó kéré jù lọ, ń mì,
méje, méjì, méjì, òdo, mẹ́sàn-án,
bí ìpéǹpéjú ẹni tó ń díbọ́n pé òun sùn.

Mo ń yọ̀ lọ́wọ́
ni jẹnẹrétọ̀ Bàbá Akínbọ̀bọ́lá bá ké lẹ́yìn fèrèsé,
gbogbo nọ́ńbà mi sì tò bí ọmọ iléèwé:
gọ̀-gọ̀-gọ̀, gọ̀-gọ̀-gọ̀.
Ariwo lásán kì í ṣe àdììtú.
Ẹni tó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lónìí
ti gbọ́ ohun tí yóò wí lọ́la.

Mo ní sùúrù títí epo fi tán nínú rẹ̀.

Òjò ti ìhà Ìdànrè ṣú bọ̀.
Ó ju ẹyọ kan sórí páànù,
ó dúró,
ó ju méjì, ó tún ju ẹyọ kan,
lẹ́yìn náà kò kà á mọ́.
Mo ṣí etí fóònù sílẹ̀ fún un.
Ìgbọ̀nrìrì, ẹ̀kán òjò, ooru bátìrì,
mo dà wọ́n pọ̀, mo lọ̀ wọ́n kúnná.
Ata tó ti inú ẹ̀rọ jáde,
ta ni yóò tún un so padà sórí igi?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwé owó kòkó àwọn ará Ilé-Olújì
ti wọ inú àpótí, àpótí ti tì.
Mòrádékẹ́ gbé tíì wọlé, ó ní:
"Kí wá ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún?"
Mo ní èmi tí mo rọ ọ́, n kò mọ̀ ọ́n.
Ó wò mí títí.
Ó ní kí n má fi òun ṣe ọmọdé,
òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.