Ó Dúró, Kò Sinmi

Ọyẹ́ bo Kàdúná mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.
Mo wa Pijó bàbá mi dé Pántẹ́kà,
fáìfù-ó-fọ́ọ̀, àwọ̀ ẹyẹlé.
Ìlú yìí náà ni wọ́n ti tò ó pọ̀
lọ́dún tí wọ́n bí mi.

Mo fa bíréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ dúró.
Ẹ́ńjìnì ò gbọ́:
ó ń ké bí ẹni tó ń gun òkè Jọ́ọ̀sì.

"Ṣóòkì ló há," ni ọmọ iṣẹ́ wí,
ó ti mú sikurudíráfà.
Ẹlòmíràn ní kábúrétọ̀ ni, kí n ra tuntun.
Tanimu ò wí nǹkan kan.
Ó fọwọ́ tọ́ wáyà tọ́tù wò: ó dẹ̀.
Ó gé rọ́bà gígùn kan,
ó ki ẹnu kan bọ etí,
ó ń fi ẹnu kejì wá inú ẹ́ńjìnì kiri
bí agbẹ̀bí tó ń wá ọkàn ọmọ nínú oyún.

Ó dúró lójú kan.
"Ka ji?"
Mo gbọ́ ọ. Fììì.
Ó ta omi ọṣẹ sí i, ariwo wálẹ̀.
Rọ́bà tí kò tó ìka ọmọdé ló là,
afẹ́fẹ́ tí a ò pè ń gba ibẹ̀ wọlé,
òun ló ń lé e.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà. Ọkọ̀ ń kùn bí olóńgbò.

Lẹ́yìn tí bàbá mi fẹ̀yìn tì,
ó ń rìn ká pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
A ní ọjọ́ ogbó ló dé.
Kò sẹ́ni tó fetí lé e láyà.